ADẸ́TẸ̀ MẸ́WÀÁ, OHÙN KAN ṢOṢO
Ẹ̀kọ́ fún àwọn tí àrùn ìtọ̀ ṣúgà ń bá fínra, àti fún gbogbo ìjọ



Bí a bá ka orí kẹtàdínlógún nínú Ìhìnrere tí Lúùkù Mímọ́ kọ, a ó rí àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá tí wọ́n pàdé Olúwa wa bí Ó ti ń gba ààlà Samáríà àti Gálílì kọjá lọ sí Jerúsálẹ́mù. Nígbà tí a bá ń wàásù lórí ìtàn yìí, ẹnì kan tí ó padà wá dúpẹ́ ni a máa ń yìn, a sì máa ń bá àwọn mẹ́sàn-án yòókù wí nítorí àìmoore wọn. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ohun kan tí ó ti wà kí ìwòsàn náà tó dé, tí a sì máa ń fò kọjá.

Àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wà pọ̀. Òkèèrè ni wọ́n dúró sí, nítorí òfin kò jẹ́ kí wọ́n súnmọ́ àwọn tí ara wọn dá. Síbẹ̀ wọn kò dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n jùmọ̀ gbé ohùn wọn sókè, wọ́n sì ké pe Jésù. Ará Samáríà kan wà láàárín wọn pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ẹ sì mọ̀ pé àwọn Júù àti àwọn ará Samáríà ìgbà náà kì í bá ara wọn da ohunkóhun pọ̀. Àìsàn ni ó wó ògiri tí ó wà láàárín wọn. Àwọn tí ìlera ìbá yà nípá, ìpọ́njú sọ wọ́n di ará ilé kan náà.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí a mú lọ sílé nìyí: aláìsàn nílò oníṣègùn, ó nílò àlùfáà, ó nílò àwọn ará ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún nílò ẹni tí ó ń ru irú ẹrù kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Àìsàn tí mo ní lọ́kàn ni ìtọ̀ ṣúgà, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní àtọ̀gbẹ.

ÀWỌN ỌKÙNRIN MÉJÌ NÍNÚ ILÉ ỌLỌ́RUN KAN

Bàbá kan wà nínú ìjọ wa yìí tí ó máa ń bá wa gba ọrẹ ní Mísà àárọ̀. Mo ti gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ kí n tó kọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n èmi kò ní í dárúkọ rẹ̀. Fún ọdún méje ni ó ti mọ̀ pé òun ní ìtọ̀ ṣúgà, ìyàwó rẹ̀ nìkan ni ó sì sọ ọ́ fún. Bí a bá gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀ níbi ìnáwó, yóò jẹ ẹ́ tán, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà bi í léèrè ọ̀rọ̀. Bí àlejò bá wà nílé ní àkókò tí ó yẹ kí ó gún abẹ́rẹ́ rẹ̀, yóò fi abẹ́rẹ́ ọjọ́ náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ Àjíǹde, bàtà tuntun ha á ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀, kò sì mọ̀ ọ́n lára, nítorí pé àrùn náà ti ba iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Egbò náà kò ju ẹyọ àgbàdo lọ. Ó fi ìbọ̀sẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí wọn yóò fi gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀pa kò bóró mọ́, àwọn oníṣègùn sì gé ẹsẹ̀ náà láti abẹ́ orúnkún.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́ wò, mo sì gbé Ara Olúwa lọ fún un. Lórí ibùsùn tí ó tẹ̀lé tirẹ̀ ni mo ti bá ọkùnrin mìíràn láti inú ìjọ wa, ẹni tí wọ́n dá dúró nítorí àìsàn kan náà. Ọdún mọ́kànlá ni òun ti fi ń gún abẹ́rẹ́. Apá kan náà ni àwọn méjèèjì ń jókòó sí nínú ilé ìsìn. Wọ́n a máa bọ ara wọn lọ́wọ́ nígbà tí a bá ń fún ara wa ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kò mọ̀ pé ohun tí ń ṣe òun ni ó ń ṣe ẹnì kejì.

Bàbá náà wò mí lójú, ó ní: “Fádà, ẹ̀yìn mi gan-an ni arákùnrin yìí máa ń jókòó sí. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí èèyàn máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò ní alaalẹ́. Èmi ò mọ̀, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún mi.”

Ọkùnrin kejì dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́: “Bàbá, ẹ ò béèrè, èmi náà ò sì lè sọ.”

Ẹ̀yin ará mi, láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dà mí láàmú. Èmi tí mo jẹ́ olùṣọ́ àwọn méjèèjì ni mo kọ́kọ́ jẹ̀bi, nítorí mo ti gbàdúrà fún “àwọn aláìsàn” lórí pẹpẹ ní àìmọye ìgbà, n kò sì bi ara mi léèrè rí bóyá àwọn aláìsàn náà mọ ara wọn.

KÍ NI ÀRÙN YÌÍ?

Oúnjẹ tí a ń jẹ, pàápàá iyán, ẹ̀bà, àmàlà, ìrẹsì àti búrẹ́dì, a máa di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, kí ara lè fi í ṣe agbára. Ohun kan wà tí ara fúnra rẹ̀ ń pèsè, ínsúlínì ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ó dà bí aṣọ́nà tí ń ṣí ilẹ̀kùn fún ṣúgà náà láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Àwọn kan wà tí ara wọn kò pèsè ínsúlínì mọ́ rárá. Ìgbà èwe ni èyí sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ ni ẹ̀mí wọn rọ̀ mọ́. Àwọn mìíràn wà, tí wọ́n sì pọ̀ jù wọ́n lọ jìnnà, tí ínsúlínì ara wọn kò tó, tàbí tí ara wọn kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Àwọn wọ̀nyí ń fi oúnjẹ tí ó mọ níwọ̀n, ìrìn rírìn, oògùn oníhóró, àti nígbà mìíràn abẹ́rẹ́, tọ́jú ara wọn.

Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, yóò máa ba ojú, kíndìnrín, ọkàn àti iṣan ẹsẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àrùn tí ń rìn bí olè ni: ó lè ti pẹ́ lára ènìyàn kí ó tó mọ̀. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣáá, tí ó ń dìde tọ̀ léraléra lóru, tí ó ń rù láìnídìí, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, tàbí tí egbò rẹ̀ kì í tètè jiná, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí àyẹ̀wò òwúrọ̀, kí a tó jẹun, bá fi 126 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn, tí a sì tún un ṣe tí ó rí bákan náà, àwọn oníṣègùn yóò sọ pé ìtọ̀ ṣúgà ni.

Àrùn yìí kì í ranni. Ó ń ṣe olówó, ó ń ṣe tálákà. Kò sì sí ìdí tí a ó fi máa wá ẹni tí ó fi í ṣe wá kiri. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan ń fi í pamọ́ kí àwọn tí ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ wọn má baà sá. Mo mọ̀ pé àwọn ọkùnrin ń tijú rẹ̀ nítorí ó lè ba agbára ọkùnrin jẹ́, àti pé orúkọ náà gan-an, àtọ̀gbẹ, a máa dẹ́rù bà wọ́n. Ẹ̀rù wọ̀nyí kì í ṣe kékeré, èmi kò sì fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ìpamọ́ ni ó gbé bàbá wa yìí dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ.

ÀWỌN TÍ WỌ́N TI RÌN LỌ́NÀ YÌÍ ṢÁÁJÚ WA

Kí ọdún 1921 tó dé, ikú tí kì í pẹ́ dé ni ìtọ̀ ṣúgà jẹ́ fún àwọn ọmọdé. Ní ọdún náà ni Frederick Banting àti Charles Best rí ínsúlínì nínú iṣẹ́ ìwádìí wọn ní ìlú Toronto, ní ilẹ̀ Kánádà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1922, wọ́n gún un fún ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan, Leonard Thompson, ẹni tí kò ku ohun tí a lè ṣe fún un mọ́, ọmọ náà sì yè.

Ṣùgbọ́n oògùn tí a rí kò ì tíì di oògùn tí ó dé ọwọ́ aláìní. Ní ọdún 1926, ní ìlú Lisbon ní ilẹ̀ Potogí, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Ernesto Roma dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti dáàbò bo àwọn tálákà tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, àwọn tí kò lówó láti fi ra ínsúlínì. A gbà pé òun ni ẹgbẹ́ irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ayé.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, aláìsàn fúnra wọn ni wọ́n gbé tiwọn kalẹ̀. Robert Lawrence, ọmọ ìlú Aberdeen ní ilẹ̀ Skọ́tíláńdì, ń kọ́ṣẹ́ iṣẹ́ abẹ nígbà tí ìtọ̀ ṣúgà mú un. Ó ti lọ sí ìlú Florence ní ilẹ̀ Ítálì láti dúró de ikú níbẹ̀, nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ránṣẹ́ sí i ní ọdún 1923 pé ínsúlínì ti dé, kí ó padà wálé. Ó padà, ó yè, ó sì di oníṣègùn àwọn tí ń ṣàìsàn bí tirẹ̀. Ní ọdún 1934, òun àti H. G. Wells, gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé, tí òun náà ní àrùn yìí, dá ẹgbẹ́ àwọn onítọ̀ ṣúgà sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ náà wà títí di òní lábẹ́ orúkọ Diabetes UK. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ irú rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ sì para pọ̀ di ọ̀kan ní ọdún 1950, Lawrence ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe olórí. Ó wà láàyè títí di ọdún 1968, ẹni tí ó ti lọ dúró de ikú ní nǹkan bí ọdún márùnlélógójì ṣáájú.

Kí n má fi òótọ́ pamọ́ fún yín: Wells kì í ṣe ọ̀rẹ́ Ìjọ wa. Ó tilẹ̀ kọ ìwé lòdì sí wa ní gbangba ní ọdún 1943. Síbẹ̀ iṣẹ́ ará Samáríà ni ó ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó yẹ kí a yìn ín fún un, kí a sì kọ́gbọ́n. Nítorí náà, bí a bá kó ara wa jọ nínú páríìṣì yìí, a kò ní í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá Kátólíìkì ni, tàbí Mùsùlùmí, tàbí ọmọ ìjọ mìíràn. Àìsàn kò béèrè bẹ́ẹ̀ kí ó tó wọlé.

OHUN TÍ ALÁÌSÀN LÈ ṢE FÚN ALÁÌSÀN

Ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á. Dókítà a máa sọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe. Ẹni tí ń ṣe é lójoojúmọ́ ni yóò fi bí a ti ń ṣe é hàn wá.

Èkíní ni ìmọ̀. Ta ni yóò sọ fún ìyá kan pé àmàlà ògẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń yìn náà a máa di ṣúgà bí a bá jẹ ẹ́ ní òkìtì, àfi ẹni tí ó ti jẹ ẹ́ tí ó sì wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀? Ta ni yóò kọ́ ẹni tí kò ní fíríìjì, tàbí tí iná mànàmáná kì í dúró lọ́dọ̀ rẹ̀, pé kí ó ti ìkòkò amọ̀ kékeré bọ inú ńlá, kí ó da iyanrìn sáàárín wọn, kí ó máa fi omi rin iyanrìn náà, kí inú ìkòkò lè tutù fún ínsúlínì rẹ̀? Ta ni yóò rán wa létí pé ínsúlínì tí ó bá ti dì bíi yìnyín ti bàjẹ́, kí á má ṣe lò ó mọ́?

Èkejì ni ìṣọ́ra. Bí ṣúgà bá lọ sílẹ̀ ju 70 mg/dL lọ, ara yóò máa gbọ̀n, òógùn yóò máa bò ènìyàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò máa dàrú. Àwọn tí kò mọ̀ a máa rò pé ó ti mutí ni. Ẹni tí ó mọ̀ yóò yára fún un ní ṣúgà onígun mẹ́rin mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tàbí ìlàjì ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, yóò sì tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, kí a má ṣe fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíákíá.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ owó. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Àwọn tí wọ́n bá jùmọ̀ dáwó lè jùmọ̀ ra ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí èyí gidigidi: kí ẹnì kan má ṣe lo abẹ́rẹ́ tàbí ohun ìgúnka ẹlòmíràn láéláé, kí ẹnikẹ́ni má sì fún ẹnì kejì ní oògùn tí dókítà kọ fún òun. Ọ̀rẹ́ dára, ṣùgbọ́n ara kò rí bákan náà.

Ẹ̀kẹrin ni ìtùnú. Póòlù Mímọ́, nígbà tí ó ń kọ lẹ́tà rẹ̀ kejì sí àwọn ará Kọ́ríńtì, fi yé wọn pé Ọlọ́run ń tù wá nínú kí àwa náà lè tu àwọn tí ó wà nínú ìpọ́njú nínú. Nípa báyìí, ọdún mọ́kànlá tí arákùnrin wa fi gún abẹ́rẹ́ kò ní í ṣòfò bí ó bá lè gba ẹsẹ̀ ẹlòmíràn là.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ TÍ Ẹ MÁA Ń BI MÍ

Ìbéèrè: Ǹjẹ́ onítọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ ní Ọjọ́rú Eérú àti Ọjọ́ Ẹtì Rere?
Ìdáhùn: Òfin ààwẹ̀ de àwọn tí wọ́n ti pé ọdún méjìdínlógún títí di ìgbà tí wọ́n bá pé ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, ṣùgbọ́n kò de ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á. Kí ẹni tí ń lo oògùn fi ìtọrẹ àánú, àdúrà tàbí ìkóra-ẹni-níjàánu mìíràn dípò rẹ̀. Fífi ẹ̀mí ara ẹni wewu kì í ṣe ìrònúpìwàdà.

Ìbéèrè: Bí mo bá jẹun kí n tó wá sí Mísà, ṣé mo lè gba Ara Olúwa?
Ìdáhùn: Àwọn àgbà kan nínú wa ṣì ń pa òfin tí wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn òbí wọn mọ́, pé kí ẹnu má kan nǹkan láti ọ̀gànjọ́ òru. Póòpù Pius Kejìlá dẹ òfin náà ní ọdún 1953 àti 1957. Póòpù Paul Kẹfà sì sọ ọ́ di wákàtí kan péré ní ọdún 1964. Omi àti oògùn kì í ba ààwẹ̀ yìí jẹ́. Ní ti àwọn arúgbó, àwọn aláìsàn àti àwọn tí ń tọ́jú wọn, òfin Ìjọ gbà wọ́n láàyè láti gba Ara Olúwa bí wọ́n tilẹ̀ jẹ nǹkan láàárín wákàtí náà. Nítorí náà, Màmá tí ó gún abẹ́rẹ́ ní agogo mẹ́fà, ẹ jẹun, kí ẹ sì wá. Ẹ má jẹ́ kí á máa gbé yín kúrò nílẹ̀ ilé ìsìn mọ́.

Ìbéèrè: Wọ́n ní bí mo bá ní ìgbàgbọ́, kí n da oògùn mi nù. Òótọ́ ni bí?
Ìdáhùn: Rárá. Ẹ ka orí kejìdínlógójì nínú Ìwé Sírákì. Níbẹ̀ ni a ti kọ́ wa láti bu ọlá fún oníṣègùn nítorí Ọlọ́run ni ó dá a, àti pé Olúwa ni ó mú oògùn jáde láti inú ilẹ̀; ọlọ́gbọ́n kì í kẹ́gàn rẹ̀. Ìwé kan náà ni ó ní kí aláìsàn gbàdúrà. Ẹ mú méjèèjì pọ̀. Ẹ wá gba Sákrámẹ́ńtì Òróró fún àwọn aláìsàn, ẹ sì lo oògùn yín ní àkókò rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé ìpàdé aláìsàn pẹ̀lú aláìsàn lè rọ́pò dókítà?
Ìdáhùn: Kò lè rọ́pò rẹ̀. Yóò ràn wá lọ́wọ́ láti gbọ́ràn sí dókítà lẹ́nu.

OHUN TÍ A Ó ṢE

Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù tí ń bọ̀, lẹ́yìn Mísà kejì, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ katikísì yóò ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, àti fún òbí tí ọmọ rẹ̀ ní in. Nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ wa ti yọ̀ǹda láti wà níbẹ̀. A kò ní í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ohun tí a bá sì sọ níbẹ̀, ibẹ̀ ni yóò kú sí. Ẹni tí ìtìjú bá ń ṣe, kí ó kọ́kọ́ wá bá mi ní ilé àlùfáà.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń dáná fún àjọ̀dún páríìṣì, mo bẹ̀ yín, ẹ máa ránti láti se ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tó pọ̀, kí ẹ sì gbé omi tútù sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ má sì fi ipá bu oúnjẹ fún ẹni tí ó bá sọ pé ó tó òun.

Bàbá wa tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń rìn pẹ̀lú igi báyìí. Ó ti ní òun yóò wá, àti pé òun ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tí ó ń jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò máa gbé e wá nínú ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn méjì ti wà báyìí. Mo mọ̀ pé a pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí Olúwa wa Jésù Krístì, ẹni tí Ó gbọ́ igbe àwọn mẹ́wàá nígbà tí wọ́n ké pọ̀, gbọ́ tiwa náà. Kí Màríà Wúndíá, Ìlera àwọn Aláìsàn, máa bẹ̀bẹ̀ fún wa. Àmín.

Èmi ni tiyín nínú Krístì,
Àlùfáà ìjọ yín